Inú Rírun Ọjọ́ Ọjà

Ìyànà Ọ̀fà,
Lagelu, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,



Ìwé ìbéèrè tó o fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tó ò ń ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní dandan ni kí káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa fi irú rẹ̀ wádìí ipò ọkàn ọmọ tó wà láàárín ọdún 4 sí 16, tó bá ti pé ọdún kan ní ìkáwọ́ wọn. Nígbà tí mo rí i, mo ní kí ni ìbéèrè 25 tí dókítà Goodman gbé jáde ní 1997 fẹ́ sọ fún mi nípa ọmọ ọdún méje tó ń gbé lọ́dọ̀ mi?

O mọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń yìn ín. Láti ìgbà tí wẹ́fíà ti fà á lé wa lọ́wọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbálẹ̀. Bó jẹun tán, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àṣé ẹ̀rù ni! Nígbà tí mo ro máàkì ìṣòro rẹ̀ pọ̀, 13 péré ni nínú 40, torí kò sí ìjàngbọ̀n kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ nìkan, 8 ló gbà nínú 10.

Ibi tí ìwé náà ti bi mí bóyá inú máa ń run ún ni ọkàn mi ti já. Oògùn aràn ni mo ti ń fún un látọjọ́ yìí! Ni mo bá ń fi bírò sàmì sára kàlẹ́ńdà ìjọ wa lọ́jọ́ tó bá ti fọwọ́ di ikùn mú. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo rí i: ọjọ́ tí mo bá ń múra ọjà Bódìjà ni. Ọjà náà sì ni ìyá rẹ̀ ní òun ń lọ, tí kò padà dé.

Mo tú gèlè orí mi, mo ní, "Bá mi tọ́jú èyí, n ó gbà á tí mo bá dé." Ó wé e mọ́ ọwọ́, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi dé. Ọjà kejì, ẹnu ọ̀nà náà ni. Ìkẹta, ó fi kọ́rùn, ó bá àwọn ọmọ ilé lọ pọnmi.

N ó ṣì mú un lọ bá àwọn dókítà ọkàn ọmọdé ní ilé ìwòsàn UCH. Ṣùgbọ́n gbọ́ ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo dé, mo bèèrè gèlè mi, ó kàn ń wò mí. Kò rántí ibi tó jù ú sí. Eré ló ti ń ṣe látàárọ̀. A wá a lábẹ́ ibùsùn, a wá a lẹ́yìnkùlé, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú mi. A ò tíì rí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Ṣeun