Ọlẹ̀ Ti Sọ

Àbúrò mi pè mí láàárọ̀ yìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọlẹ̀ ti sọ o!" Oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 19. Omi bọ́ lójú mi. Nínú oyún àkọ́kọ́, ó lè tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 kí obìnrin tó mọ̀ ọ́n lára. Ó máa ń dà bí ẹja kékeré tó ju ìrù nínú omi, èèyàn á rò pé inú ló ń kùn.

Èébì ti dáwọ́ dúró, oúnjẹ ti ń wọlé, àmọ́ iṣan ẹsẹ̀ ń fà á lóru. Mo bi í bóyá ó ti lo oògùn ibà tí wọ́n ń fún aláboyún ní kílíníìkì láti oṣù kẹrin. Ó ní rárá, pé ara òun le. Àyà mi já. Ibà lè fara pa mọ́ sínú ibi ọmọ láìjẹ́ kí ara ìyá gbóná, kí wọ́n sì wá bí ọmọ náà ní kékeré. Mo ní bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀, kó má dúró di ọjọ́ kejì.

Lọ́la, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ sí kílíníìkì.