Ta Ló Yan Ibi Tí Àtọ̀húnrìnwá Yóò Gbé?

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1948 ni iye àwọn Júù tó ń ṣí lọ síbẹ̀ ti ń pọ̀ tó sì ń dín bí ayé ṣe ń yí. Bí ìnira bá dé bá wọn ní Ìráàkì, bí ìjọba Soviet bá ń tú ká, bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, iye náà a ròkè. Bí ara bá tù wọ́n níbi tí wọ́n wà, a wálẹ̀. Òfin Ìpadàbọ̀ ti ọdún 1950 fún Júù ní ẹ̀tọ́ láti wá gbé níbẹ̀, àtúnṣe ọdún 1970 sì mú ẹ̀tọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, àti ọkọ tàbí aya wọn. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń ka iye ènìyàn àti iye ọkọ̀ òfuurufú. Ní tèmi, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbéèrè tó ṣe kókó wà: nígbà tí àtọ̀húnrìnwá bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ṣé òun ló yan ibi tí yóò gbé àti bí yóò ṣe gbé, àbí ẹlòmíràn ló yàn án fún un?

Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 650,000 Júù ló wà níbẹ̀. Kí ọdún 1951 tó parí, àwọn bí 700,000 mìíràn ti dé bá wọn. Nǹkan bí 49,000 wá láti Yẹ́mẹ́nì, àwọn tó wá láti Ìráàkì tó 120,000, àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa Hitler ní Yúróòpù náà sì ń rọ́ dé. Àgọ́ aláṣọ àti ahéré onípáànù tí wọ́n ń pè ní maabara ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí; ní òpin 1951, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 200,000. Nígbà tó di 1954, ètò mìíràn bẹ̀rẹ̀: láti èbúté ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gbé àwọn ẹbí tó dé láti Mòrókò lọ tààrà sí àwọn ibùdó tuntun, bíi Yeruham ní aṣálẹ̀ Negev tàbí Kiryat Shmona lẹ́bàá ààlà Lẹ́bánónì. Àwọn kan dé ibẹ̀ lóru, wọ́n wo òkùnkùn tó yí wọn ká, wọ́n ní àwọn kò ní sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tó wà fún wọn kò ju igi gbígbìn àti iṣẹ́ ojú ọ̀nà tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ lọ, ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì ń darí ọ̀pọ̀ ọmọ sí kìkì iṣẹ́ ọwọ́.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni ìjọba tí kò ní lọ́wọ́, tó ń fi káàdì pín oúnjẹ fún aráàlú, ìbá ti ṣe. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Júù Pólàǹdì dé ní 1956 àti 1957, ọ̀pọ̀ nínú wọn rí ilé tó dára gbà nítòsí àwọn ìlú ńlá, lásìkò kan náà tí wọ́n ṣì ń kó ará Mòrókò lọ sí aṣálẹ̀. Àìní nìkan kọ́ ló pín wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ gbà pé ará Yúróòpù kò lè fara da ohun tí ará Mòrókò yóò fara dà. Yorùbá ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Níhìn-ín, àlejò kò lọ, ojú rẹ̀ náà ni wọ́n ti san gbèsè ọ̀hún. Ní 1959, rògbòdìyàn àwọn ará Mòrókò bẹ́ sílẹ̀ ní Wadi Salib, àdúgbò kan ní Haifa. Ní 1971, àwọn ọ̀dọ́ ìdílé wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ Black Panthers sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Ní 1977, ìbò wọn wà lára ohun tó gbé Menachem Begin wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, tó sì lé ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣàkóso láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà pàdé àwọn Júù tó wá láti Soviet. Ní 1990 nìkan, àwọn tó dé tó nǹkan bí 185,000, nígbà tó sì yá wọ́n sún mọ́ mílíọ̀nù kan. Dípò àgọ́, owó ni ìjọba kó lé ẹbí kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, pé kí wọ́n lọ gba ilé níbi tó bá wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ lọ sí Ashdod àti Beersheba nítorí pé ilé kò wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ. Ẹ lè ní ìwé tí wọ́n kà ló gbè wọ́n. Ìwé náà kò gba àwọn àgbà wọn lọ́jọ́ kìíní: a rí ẹnjiníà tó ń gbá títì, àwọn dókítà sì tún ìdánwò ṣe. Ohun tí wọ́n ní ni àyè láti tún ayé wọn tò. Àwọn olùkọ́ àárín wọn dá kíláàsì ìṣirò àti físíìsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ní 1996, ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn, tí Natan Sharansky darí, gba ìjókòó méje ní ilé aṣòfin.

Àwọn ará Etiópíà ló jẹ́ kó dá mi lójú pé owó nìkan kò tó. Ní oṣù Karùn-ún 1991, láàárín nǹkan bíi wákàtí 36, ìjọba fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn tó lé ní 14,000 láti Addis Ababa, iṣẹ́ tó yẹ ká yìn. Owó ńlá ni ìjọba ná lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọmọ lórúkọ Hébérù, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé, ìgbìmọ̀ àwọn olórí rábì sì gba àṣẹ ìsopọ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́ àwọn kes, àlùfáà wọn. Bẹ́ẹ̀ rèé, láti 1973 ni Rábì Ovadia Yosef, tó jẹ́ olórí rábì nígbà náà, ti kéde pé Júù ni wọ́n. Ní 1996, aráàlú gbọ́ pé ńṣe ni àwọn aláṣẹ ń da ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará Etiópíà fi tọrẹ nù. Ẹni tó bá ní ará oko tí kò gbọ́ èdè kò lè dá dúró ní ìlú ńlá, mo gbà fún un. Àwọn ará Etiópíà nílò ìrànwọ́ tó pẹ́. Àmọ́ ìrànwọ́ kò sọ pé kí a gba ọlá lọ́wọ́ àgbà lójú ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti yan ibi téèyàn yóò gbé, tí mò ń sọ yìí, ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò yẹ ká gbójú fò. Nǹkan bí 700,000 ará Palẹ́sítínì ló di aláìnílé nínú ogun 1948, òfin kò sì fún wọn láyè àtipadà. Ilé àwọn Lárúbáwá tó sá kúrò ní Wadi Salib ni wọ́n fi àwọn ará Mòrókò sí. Kódà láàárín àwọn tí ìlẹ̀kùn ṣí fún, àṣẹ láti yan bí wọn yóò ṣe gbé kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2022, àwọn tó lé ní 70,000 dé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti Rọ́ṣíà àti Ukraine. Ọ̀pọ̀ wọlé nítorí pé bàbá tàbí ìyá wọn àgbà jẹ́ Júù, wọ́n ń san owó orí, ọmọ wọn ń wọṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n àwọn rábì kò kà wọ́n sí Júù, kò sì sí ìgbéyàwó kóòtù ní Ísírẹ́lì. Kípírù ni ọ̀pọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń lọ láti gbéyàwó.