Owó Tí A Rò Pé A Fi Pamọ́

Ní Ko-Koumolou, níbi tí a ti bí mi, ẹnìkan kì í dá ìpinnu ṣe lórí ọmọ òrukàn. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú ní ọdún 2007, tí aya rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ẹbí péjọ nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀, ọmọ ọdún 8. Èmi tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kí n kọ ìṣirò sílẹ̀.

Mo kọ ọ́: aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé, bàtà, oúnjẹ ọ̀sán, oògùn ibà. Lóòótọ́, ìjọba Benin ti fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ohun tí ó kù wúwo fún àgbẹ̀ tí kò ní ju epo pupa àti gààrí láti tà. Bàbá mi ní: «Bí ó bá lọ sí Kútọnu, ẹnu kan dín nílé.» Oníṣòwò kan mú un lọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí àwọn Fọn ń pè ní vidomègon, ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo fa ìlà sábẹ́ ìṣirò náà. Ọkàn wa balẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 7, ó padà dé pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan àti ikọ́ tí kò lọ. Kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Bàbá mi fi oko ọ̀pẹ dógò kí a lè tọ́jú rẹ̀. Owó ìtọ́jú yẹn nìkan ju gbogbo ohun tí a kà fún ọdún 6 láti CI dé CM2 lọ.

Láti ọdún 2017, ìjọba àti PAM ti ń pèsè oúnjẹ ọ̀sán ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ìlà kan ti dín nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe wa kò sí nínú iye tí a kọ. Ohun tí a ó san bí a kò bá tọ́ ọmọ náà ni a kò kọ rárá. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí a bá tún jókòó láti ṣírò ohun tí ọmọ aláìní yóò ná wa, ẹ jẹ́ kí a kọ apá kejì yìí pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ kan, arábìnrin mi rí ìwé àtijọ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ kọ síbẹ̀?»

N kò lè kà á fún un.