Adágún Ńlá, Owó Kékeré

Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Ẹni tí ó bá gbéra láti Lálúpọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, tàbí láti Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, yóò rìn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ kí ó tó fojú kan ìgbì. Síbẹ̀, omi iyọ̀ wà ní àwọn abúlé wọ̀nyí. Inú ìgò oníke tí wọ́n gé ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò, ni ó wà. Iyọ̀ ọjà ni wọ́n bù sí i, ẹ̀rọ kékeré sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́sàn-án lóru. Òkun àtọwọ́dá ni. Nítorí ọmọ ẹja àrọ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹja àrọ̀ fúnra rẹ̀ kì í gbé inú òkun.

Ẹyin ẹja àrọ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ lọ kí ó tó pa, bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ tí ọmọ náà gbé wáyé nínú ikùn ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Lẹ́yìn náà ni ebi dé. Ẹnu rẹ̀ kéré. Ohun abẹ̀mí tí ń yí lójú omi ni ó ń wá kiri. Ibẹ̀ ni Artemia ti wúlò: ẹyin kòkòrò omi iyọ̀ kan, tí ó gbẹ bí ìyẹ̀fun, tí ó lè sùn nínú agolo fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n tí ó ń jí láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún bí ó bá ti kan omi iyọ̀. Púpọ̀ nínú ẹyin yìí ni wọ́n ń kó láti inú adágún Great Salt Lake ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Adágún yẹn pàápàá kò sí létí òkun, nítorí náà a lè pè é ní ìbátan Lálúpọn lọ́nà jíjìn. Omi òkun a máa ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹyin Artemia lè lo 25 sí 30. Ṣùgbọ́n kí ó tó dà á fún ọmọ ẹja, ó ní láti sẹ́ ẹ, kí ó ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ó sì bù ú níwọ̀nba. Àwọn kòkòrò náà kì í pẹ́ kú nínú omi aláìníyọ̀, òkú wọn a sì ba omi jẹ́.

Agolo náà wọ́n. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, ohun gbogbo tí ó ń ti òkèèrè wá ti gbówó lórí. Àwọn kan ti padà sí omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ìgbẹ́ adìẹ dá, níbi tí kòkòrò omi lásán tí ń jẹ́ Moina ti ń bí sí i. Òórùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n kò ná wọn ní dọ́là.

Irú omi bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì ní àgbègbè Lálúpọn ń dá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta àti adágún sìmẹ́ǹtì kékeré kan. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bọ́ síta, ó fẹ́ adágún ńlá. Owó náà kò pọ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ta èlùbọ́, sọ tirẹ̀ ní gbangba: "Bàbá, owó yìí kò gbọdọ̀ rì sómi o."

Ìṣirò tí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni ó gbé jáde. Adágún tí ó gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi rẹ̀ sì jìn ní mítà 1, ń gba lítà 4,000. Àyíká ògiri rẹ̀ jẹ́ mítà 8. Bí òró àti ìbú bá di mítà 4, ògiri di mítà 16, ṣùgbọ́n omi di lítà 16,000. Owó ògiri di ìlọ́po méjì, omi di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá sì jẹ́ pé jíjìn ni ó fi kún un ńkọ́? Agbára tí omi fi ń ti ògiri kò wo bí adágún ti fẹ̀ tó. Bí ó ti jìn tó ni ó ń wò. Bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tí ó wà lórí mítà ògiri kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ògiri tí ó ga ṣe ń ya lóru, tí onílé á jí bá ẹja lórí koríko. Olùkọ́ fẹ adágún rẹ̀, kò jìn ín. Ọparun ni ó fi ṣe férémù, ó sì tẹ́ tapólì sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń bo ẹrù. Ó jìnnà sí etí odò pẹ̀lú, nítorí àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, nígbà tí àgbàrá gbé ẹja lọ ní oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá.

Owó tí ó ṣẹ́kù lára ògiri ni ó gbé lọ sórí omi, ó mú kànga jìn sí i kí ọ̀gbẹlẹ̀ má baà gbẹ ẹ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Wọ́n á mọ ògiri dídán, wọ́n á tún fi táìsì bò ó, wọn á wá máa ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì. Omi púpọ̀ a máa dárí jini. Bí ẹja kan bá kú lóru nínú dúrọ́ọ̀mù, gbogbo ilé a ti gbóòórùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú lítà 16,000, àyè wà láti yọ òkú kúrò. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù ọyẹ́ kì í tètè yí omi ńlá padà. Àwọn tí ń sin ẹja òkun nínú gíláàsì ní ilẹ̀ òkèèrè mọ èyí pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n omi tuntun kò tíì jẹ́ ilé ẹja. Ẹja ń mí amóníà jáde láti inú ìjàgbọ́n rẹ̀, ìyókù oúnjẹ ń dá kún un, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà kan ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun mìíràn tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyí tí ó fi ń fara da omi tí ẹja mìíràn yóò kú sí. Ohun tí ó sì ń tan àwọn olówó kékeré jẹ nìyẹn. Ẹja tí kò kú yàtọ̀ sí ẹja tí ń dàgbà. Olùkọ́ kó ẹja díẹ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró, àwọn aládùúgbò sì ń béèrè bóyá owó ti tán ni.

Omi tí ó ń pààrọ̀ kò ṣòfò. Ó la ojú ọ̀nà kan fún un lọ sí oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó rẹ̀ sì gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú síbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó jẹ láàrin nǹkan bí oṣù kan. Ẹja a máa gbà tó oṣù mẹ́fà kí ó tó tẹ̀wọ̀n kìlógíráàmù kan. Nítorí náà ẹ̀fọ́ ni ó kọ́kọ́ mú owó wọlé. Ìyá kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò ilé, kò dà á pọ̀ mọ́ ti ẹja.