Ní Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọdé kọ́kọ́ mọ bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá dé Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ yà kúrò ní Òpópó Ọba Adésidà wọ àdúgbò lọ, òkúta méjì ti tó ṣe ilé gòólù. Ìlú bọ́ọ̀lù ni o! Sunshine Stars ibẹ̀ dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2012, kí Al Ahly ti Íjíbítì tó dá wọn dúró.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù àgbà, nọ́ńbà 5, kọ́ ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́fà. Nọ́ńbà 3 ni tirẹ̀. Kí la wá ń pariwo "Gbá a lọ!" sí, nígbà tí kò tíì mọ bí a ṣe ń fi inú ẹsẹ̀ dá a dúró?

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ì báà ṣe ti àkísà. Kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì darí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó gbójú sókè, kó tó gbá a fún ẹnìkejì. Mẹ́ta sí mẹ́ta tó wọn. Láàárín mọ́kànlá, ọmọ tí kò lágbára lè má fẹsẹ̀ kàn án títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ò ní rí i lọ́la mọ́.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin òbí, kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa.