Ta Ni Kò Dé Ihò Omi?

Ẹ ti rí fọ́tò tí àwa ẹgbẹ́ ọkùnrin yà ní Sátidé lórí narrowboat ní Stoke Bruerne, Northamptonshire. Ẹ̀rín là ń rín níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò ni mo fẹ́ sọ.

Ọkọ̀ yẹn gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Kì í sáré. Máìlì 4 ní wákàtí kan ni òfin gbà. Àwọn ìyá àgbà tó ń rìn létí omi ń kọjá wa, wọ́n ń juwọ́ sí wa! Lock 7 ló wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ máa gùn bí àtẹ̀gùn. Ẹ ó wọ inú rẹ̀, ẹ ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ó fi irin ọwọ́ ṣí ihò tí omi òkè ń gbà wọlé, omi á sì gbé yín sókè. Tí ẹ bá jáde, ẹ gbọ́dọ̀ dé ihò yẹn padà. Èmi ni mo wà nídìí ìyẹn ní lock kan. Fóònù mi dún. Mo dé ihò kìíní. Ìkejì, mo dé e dé ààbọ̀, mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

A so ọkọ̀ mọ́ etí omi, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí ìyàwó mi dì fún wa. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọkọ̀ ò mira. Omi ti fà, ọkọ̀ ti jókòó sórí ẹrẹ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú ẹsẹ̀ ni mo gbé àdúrà: mo de ẹ̀mí ìdádúró tọwọ́ tẹsẹ̀. Àmín ń dún!

Bàbá òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn lọ wo lock tí a ti jáde, ó padà wá. Ó ní ẹnìkan ò dé ihò òkè tán, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ sì ń jò, ibẹ̀ lomi ń gbà lọ. Ta ló ṣe é nínú wa?

Gbogbo ojú yí sí ọmọ wa kan, ọmọ ọdún 19, torí òun ló mú irin ọwọ́ dání. Bọ̀dá kan ti ń bá a wí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè fara balẹ̀. Ọmọ náà wò mí. Ó rí mi nígbà tí mo ń tẹlifóònù. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà dákẹ́.

Ó tó wákàtí 3 kí bàbá yẹn tó bá wa tú omi tó tó wá láti òkè. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ Blisworth tí a torí ẹ̀ wá, tí wọ́n ṣí ní 1805, tó gùn ju yáàdì 3,000 lọ, a ò débẹ̀ mọ́. Ọmọ yẹn ló ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀.

Lálẹ́, nínú mọ́tò, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ má ṣèyọnu, ó ti tán." Mo délé, mo rò ó fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ojú ta ni wọ́n ti bá ọmọ náà wí?" Mo ní ojú gbogbo ẹgbẹ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó lọ sùn.

Ẹ̀yin ará, èmi ni mi ò dé ihò náà. Kì í ṣe ọmọ yẹn. Bọ̀dá tó bá a wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lórí fóònù. Lọ́jọ́ Sunday, màá tún un sọ lórí pẹpẹ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.