Ìwé Kìlómítà Ọkọ̀ Wa

Èmi àti àbúrò mi ni a jọ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń kó iṣu, sóyà àti kajú láti Kambolé lọ sí Tchamba, tí ó sì máa ń dé Sokodé nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Òun ni ó ń wa ọkọ̀, èmi ni mo ń kọ ìwé. Kí ó tó gbéra, yóò ka iye kìlómítà ojú aago ọkọ̀ fún mi; bí ó bá dé, yóò tún kà á. Mo ń kọ ọjọ́, ibi tí ó lọ, ẹrù tí ó kó àti owó epo.

Àwọn ènìyàn a máa béèrè èrè tí ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó orí tí oníṣòwò kékeré ń san fún Office Togolais des Recettes, èyí tí a ń pè ní taxe professionnelle unique, iye ọjà tí ó tà ni a fi ń ṣírò rẹ̀. A kì í yọ owó epo tàbí táyà kúrò. Ẹni tí òwò rẹ̀ bá dàgbà dé abẹ́ régime réel ni ó lè yọ ìnáwó òwò kúrò, bí ẹ̀rí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ti mọ barème kilométrique, tí ó ń wo agbára ọkọ̀ àti iye kìlómítà tí a rìn lọ́dún. Níbẹ̀ pàápàá, ìrìn iṣẹ́ nìkan ni a ń kà.

Ibẹ̀ gan-an ni ó ti le fún wa. Bí ọkọ̀ bá gbé iṣu lọ sí Sokodé, tí ó sì gbé aláìsàn ilé wa bọ̀, ti ta ni ìpadàbọ̀ náà? A fohùn ṣọ̀kan pé ti òwò ni, nítorí ọkọ̀ náà ìbá padà wálé lọ́nàkọnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ẹbí lọ sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ olóògbé kan ní Tchamba, mo kọ “ilé” sí i. Àbúrò mi wò mí títí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ fi òkú ṣe ìṣirò ni?”

Mo ní n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kò kàn fẹ́ kí iṣu ru ẹrù àdúrà.

Nígbà náà, ó ti ń sọ pé kí a ta ọkọ̀ náà, pé kò mówó wọlé. Nígbà tí oṣù mẹ́ta ẹ̀ẹ̀rùn parí, a ṣí ìwé. Kìlómítà 3,140 ni ọkọ̀ rìn. 870 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilé. Òwò náà ń jẹ èrè; ìrìn ẹbí ni ó ń gbé e mì. A kò ta ọkọ̀ mọ́. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ fún ìnáwó yóò gbé owó epo wá. Inú gbogbo ẹbí kò dùn sí i: bàbá wa kan kì í pe orúkọ mi mọ́, “Akọ̀wé ọkọ̀” ni ó ń pè mí, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí ó bá ń pè é. Mo ń dá a lóhùn. Ìwé kejì ni mo ń kọ báyìí.